Orí Kan Ṣoṣo Lo Ní, Àkànní

Àkànní, wá jókòó síbí. Má lọ síbi tẹlifíṣọ̀n, iwájú mi gan-an ni kí o jókòó sí. Ìyá rẹ ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ṣé o rò pé kò ní sọ ni? Àbúrò mi ni, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn kì í pẹ́ kó tó dé etí mi. Ó ní ẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, o fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ìwọ àti ọmọkùnrin kan sì forí gbárí. O ṣubú gbì. Wọ́n da omi inú ọ̀rá lé ọ lórí, o dìde, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún ọ, o padà sínú eré. Nígbà tí o délé, o bi ìyá rẹ pé kí lẹ máa jẹ lálẹ́. Ó ní àmàlà ni. O tún bi í. Ó tún dá ọ lóhùn. Kò tíì sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ tí o fi bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà o bì, o ní iná yàrá ń gún ọ lójú, o sì lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì o ti ń wá bàtà bọ́ọ̀lù rẹ kiri.

O sì ń rẹ́rìn-ín! Pa ẹnu yẹn dé, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ la ń sọ.

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mo ń wí. Ohun tó ṣe ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní concussion. Agbárí le, ọpọlọ inú rẹ̀ rọ̀. Bí o bá mú àgbọn, tí o mì ín gìrìgìrì, èèpo rẹ̀ kò ní sán, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ kò jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń mì. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, orí lè má wú. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe ni kì í dákú rárá, nítorí náà mi ò fẹ́ gbọ́ "Àǹtí, mi ò kúkú dákú." Kí orí máa fọ́ni, kí òòyì máa kọ́ni, kí èèyàn máa bì, kí ìmọ́lẹ̀ máa gúnni lójú, kí èèyàn máa béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan péré nínú wọn tó láti mú ọmọ kúrò lórí pápá. Mélòó ló ṣe ìwọ nínú rẹ̀? Kà á fúnra rẹ.

Mo tún gbọ́ pé ẹnì kan fún ọ ní Alabukun. Ta ni? Ó dáa, má dárúkọ rẹ̀. Aspirin wà nínú Alabukun, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹni tí nǹkan gbá lórí, tí a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń sun nínú agbárí rẹ̀, a kì í fún un nírú oògùn bẹ́ẹ̀. Róòbù tí wọ́n fi pa ọ́ níwájú orí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, kò sì wo ọpọlọ sàn.

O ní tí o bá jókòó, wọ́n á pè ọ́ ní ojo. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní ń bá ogun lọ. Ìwọ tí o mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù gbogbo ayé, ṣé o mọ Christoph Kramer ti Jámánì? O ṣì kéré nígbà yẹn. Ọdún 2014 ni, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní pápá Maracanã ní Rio, Jámánì àti Ajẹntínà. Eré kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí èjìká Ezequiel Garay ti Ajẹntínà fi gbá Kramer lójú. Ó ṣubú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó dìde, ó ń bá eré lọ, bí ìwọ ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ó lọ bá rẹfirí, Nicola Rizzoli, ó bi í pé ṣé àṣekágbá nìyí. Rizzoli rò pé ó ń ṣeré, ó ní kó tún un sọ. Kramer ní òun fẹ́ mọ̀ ni lóòótọ́. Àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé o, ẹni tó wà láàárín rẹ̀ kò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀! Rẹfirí lọ sọ fún Schweinsteiger, akẹgbẹ́ Kramer, wọ́n sì yọ Kramer kúrò.

Gbọ́ èyí tó kù. Ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ni André Schürrle. Schürrle yìí kan náà ló sáré gba ẹ̀gbẹ́ òsì ní ìṣẹ́jú 113, tó gbé bọ́ọ̀lù sínú, tí Mario Götze fi àyà gbà á, tó gbá a wọlé. Gòólù yẹn ni Jámánì fi gbé ife lọ. Kramer náà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà tirẹ̀ bíi tàwọn yòókù, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ojo. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti fi í sílẹ̀ lórí pápá fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí èjìká mìíràn bá tún gbá a láàárín ìgbà yẹn ńkọ́?

Nítorí ẹ̀ẹ̀kejì ló burú. Ọpọlọ tó ti mì lẹ́ẹ̀kan, tí kò tíì padà sípò, tí nǹkan bá tún kàn án, ó lè wú lójijì nínú agbárí, agbárí kò sì láàyè tí yóò fún un. Rowan Stringer ló kú báyìí ní Ottawa, ní Kánádà, lọ́dún 2013. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, rúgbì ló ń gbá nílé ìwé rẹ̀. Nǹkan ti gbá a lórí ṣáájú láàárín ọjọ́ díẹ̀, orí ń fọ́ ọ, kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sọ fún bàbá rẹ̀, ó padà sórí pápá. Àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, títí ìpínlẹ̀ Ontario fi ṣe òfin lọ́dún 2018 tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, pé ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ẹni ni kí a máa pè, kì í ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Má sunkún o. Mi ò sọ ọ́ kí o lè sunkún.

Mi ò sì sọ pé kí o má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ ló fẹ́ jó bàtà náà níná, èmi ni mo ní kó dúró. Eré náà dára fún ọ. Bí ẹ ṣe ń wọ inú rẹ̀ ni mò ń bá jà. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ orúkọ rẹ̀ bí o ṣe mọ ti Osimhen. Oluwatoyosi Owoeye ni. Orúkọ yẹn ti sọ ilé tó ti jáde. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni, Yunifásítì Èkó ló wà nígbà tí òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n kó ẹgbẹ́ 20 nínú Lagos Junior League, ọmọkùnrin 416, ọ̀dọ́ bíi tìrẹ, lórí pápá bíi tìrẹ. Wọ́n ṣẹ́ gègé. Apá kan ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, apá kejì ń mú ara gbóná bí wọ́n ṣe ń ṣe é látẹ̀yìn wá. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ ìfarapa gbogbo wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ìfarapa àwọn tó ń ṣe é fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Ti ẹsẹ̀ nìkan, ìdá 48 ni. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì! Wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára àwọn ọmọbìnrin ní Norway, ṣùgbọ́n ti Èkó yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ti òyìnbó ni, pé pápá wọn dára ju tiwa lọ.

Kí sì ni nǹkan náà? Ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ ó kọ́kọ́ rọra sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ ó máa yí ìbàdí, ẹ ó máa fò lọ fi èjìká kan ara yín. Iṣẹ́ agbára ló tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe lójú mi: o máa kúnlẹ̀, ẹnì kan á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, o máa nà gbọọrọ láti orí dé orúnkún, o sì máa rọra tẹ̀ síwájú, láìká ìbàdí, títí agbára rẹ á fi tán tí wàá fi ọwọ́ gba ara rẹ. Iṣan ẹ̀yìn itan ni èyí ń kọ́, iṣan tó máa ń já mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lórí ìsáré. Fífò náà wà níbẹ̀. Bí o bá ń balẹ̀, orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀kánkán ìka ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ̀ wọnú. Orúnkún tó tẹ̀ wọnú bẹ́ẹ̀ ni okùn inú rẹ̀ ń já, tí wọ́n á fi gbé ọmọ lọ fún iṣẹ́ abẹ tí bàbá rẹ̀ kò lówó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó sáré tagbára-tagbára fún ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Kò gbà ju bọ́ọ̀lù kan àti nǹkan díẹ̀ tí ẹ ó fi sàmì sílẹ̀. Ẹ̀yin wá ń sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù sí gòólù, ẹ ní ara ti gbóná.

Òótọ́ ni, mímú ara gbóná kò ní kí orí má gbá orí. Síbẹ̀, nínú rúgbì ní Ìlú Ọba, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Bath fi iṣẹ́ ọrùn kún irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ mímì dín kù gan-an láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Yíyí òfin eré padà náà ń ṣiṣẹ́. Owoeye lọ kàwé sí i ní Calgary, ní Kánádà, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Carolyn Emery. Obìnrin yìí àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2010 pé àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá tí wọ́n gbà láyè kí wọ́n máa fi ara kọlu ara wọn nínú họ́kì orí yìnyín, concussion wọn ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí wọn kò gbà láyè lọ. Nígbà tó di ọdún 2013, Hockey Canada fòfin de ìkọlù náà fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ ìwádìí tó dára nìyẹn lójú tèmi: kí ọmọ tí kò ka ìwé náà, tí kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, máa lo orí rẹ̀ dọjọ́ alẹ́.

O wo fíìmù Will Smith yẹn, èyí tó ti ṣe Bennet Omalu, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó la ọpọlọ Mike Webster, tó gbá bọ́ọ̀lù ìkọlù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, wò lẹ́yìn tó kú lọ́dún 2002. Ọmọ àádọ́ta ọdún ni Webster. Omalu rí ohun tí ìkọlù ọdún gbọọrọ ti ṣe sí ọpọlọ náà. Lẹ́yìn ikú ló rí i. Ààyè la fẹ́ kí wọ́n ti máa rí tìrẹ.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Ọ̀la ni à ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìwọ àtèmi. Bí orí bá ń fọ́ ọ sí i kílẹ̀ tó mọ́, tí o bá tún bì, tí oorun bá ń gbé ọ tí a kò lè jí ọ, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, òru ni, òjò ni, a ń lọ. Jẹ́ kí fóònù yẹn sinmi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣe ọ́ lóore. Bí orí bá ti fúyẹ́, rírìn ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìsáré díẹ̀, kó tó kan bọ́ọ̀lù láìsí ìfarakanra. Bí ọ̀kan bá tún fa orí fífọ́, o padà sẹ́yìn. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 2023 fún àwọn tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù iṣẹ́ ni pé ìdíje kankan kò gbọdọ̀ wáyé kí ọjọ́ 21 tó pé. Òun náà la máa tẹ̀ lé nínú ilé yìí.

Kóòṣì yín ńkọ́? Èmi fúnra mi ni màá lọ bá a. Mi ò ní bá a jà, ó fẹ́ràn yín, ó ń lo àkókò rẹ̀ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Ohun méjì péré ni màá bẹ̀ ẹ́: kó fún yín ní ogún ìṣẹ́jú yẹn kí ẹ tó máa gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó bá sì forí gbárí jókòó títí dókítà á fi rí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló dára jù nínú ẹgbẹ́. Fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.