Òtútù Náà Ń Mu Epo: Ìdí Tí Mọ́tò Fi Ń Jẹ Owó Jù Nígbà Òtútù

 

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó ń wa ọkọ̀ ní Chicago tàbí Toronto, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé, "Òtútù ti dé, mọ́tò mi tún ti ń mu epo bí ẹni mu omi." Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnì ló ti ń kú lọ. Àwọn kan á ní ilé epo ló rẹ́ àwọn jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Òtútù fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn pín epo náà mu.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé bí ìwọ̀n ooru bá lọ sílẹ̀ láti 25°C dé -7°C (ìyẹn 7 ní ìsàlẹ̀ òdo), ibi tí lítà epo kan lè gbé mọ́tò dé nínú ìlú máa ń fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú, bíi kìlómítà 5 tàbí 6, ó lè dín kù dé ìdá 24. Ká ní mọ́tò kan ń fi lítà 8 rin kìlómítà 100 nígbà ooru. Nígbà òtútù, á fẹ́ bíi lítà 9.4. Bó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú kúkúrú ló ń rìn, á fẹ́ lítà 10.5. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun á mọ̀ ọ́n lápò!

Ibo wá ni epo náà ń lọ? Ẹ jẹ́ ká kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ
Bíi 90°C ni omi inú ẹ́ńjìnì máa ń wà tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa. Bí àárọ̀ Ìbàdàn bá jẹ́ 25°C, ìwọ̀n 65 péré ló kù tí ẹ́ńjìnì máa gùn. Ní ìlú tó wà ní -7°C, ìwọ̀n 97 ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, Chicago tutù dé bíi -30°C, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì ní láti gun ìwọ̀n 120. Taa ló máa san owó ooru yẹn? Epo inú táǹkì náà ni.

2. Ọ́ìlì á ki
Ẹ wo àdí àgbọn tàbí epo pupa nígbà ọyẹ́. Ṣé kì í dì sínú ìgò ni? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í dì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òtútù máa ń mú kó ki, kò sì ní fẹ́ ṣàn. Àwọn irin inú ẹ́ńjìnì á wá máa fi agbára la inú ọ́ìlì kíki kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú jíà. Agbára tó yẹ kó yí táyà ló ń bá ibẹ̀ lọ.

3. Pẹtiróòlù kì í tètè di oru
Pẹtiróòlù gbọ́dọ̀ di oru kó tó lè jó dáadáa pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnì tútù, díẹ̀ ló ń di oru, èyí tó kù á lẹ̀ mọ́ ara irin. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá máa da epo sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí iná má bàa kú. Gbogbo èyí tí kò jó tán, páìpù èéfín ló ń gbà jáde. Owó ló ń fò lọ yẹn.

4. Táyà á rọ̀
Ẹ̀yin ará SS2, ẹ rántí òfin gáàsì: bí gáàsì bá tutù nínú ohun tí kò yí ìtóbi padà, agbára tó fi ń ti ara ohun náà á dín kù. Ká ní gééjì ka 32 psi nígbà tí táyà wà ní 25°C. Ẹ fi 14.7 ti afẹ́fẹ́ ayé kún un, ó di 46.7. Ẹ sọ ìwọ̀n ooru di Kelvin: 298 àti 266. Ẹ wá ṣe é báyìí: 46.7 × 266 ÷ 298 = 41.7. Ẹ yọ 14.7 kúrò, ó ku 27 psi. Kò sí ìṣó tó gún táyà, síbẹ̀ 5 psi ti lọ! Táyà tó rọ̀ máa ń tẹ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì tiraka kó tó yí i.

5. Afẹ́fẹ́ náà á ki
Pẹ̀lú Kelvin yẹn kan náà, 298 ÷ 266 jẹ́ 1.12. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó wà níwájú mọ́tò ní -7°C fi bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju ti 25°C lọ. Ẹni tó bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló máa ń mọ èyí jù.

6. Iná tí wọ́n ń tàn
Fáànù hítà, iná tó ń yọ́ yìnyín lára gíláàsì, àga tó ń gbóná: gbogbo wọn ń lo iná, ẹ́ńjìnì ló sì ń pèsè iná náà. Bẹ́ẹ̀, òtútù ti sọ bátìrì di ọ̀lẹ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà nígbà òtútù yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n pò ó kó lè tètè di oru, àmọ́ agbára inú lítà kan dín díẹ̀ sí ti ìgbà ooru.

Ẹ wá rí ìdí tí ìrìn kúkúrú fi burú jù. Kí ẹ́ńjìnì tó gbóná tán, ẹni náà ti dé ibi tó ń lọ, ó ti paná. Tó bá máa fi padà, ó ti tutù, gbèsè ooru á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Kí ni ṣíṣe?
Ọ̀pọ̀ èèyàn á tan mọ́tò sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó lè gbóná. Ẹ dákun, mọ́tò tó dúró, kìlómítà òdo ló ń rìn, epo sì ń jó. Fún ọkọ̀ ìgbàlódé, bí ìdajì ìṣẹ́jú ti tó. Kí èèyàn rọra máa wà á lọ, ẹ́ńjìnì á tètè gbóná ju kó dúró lọ. Ní àwọn ìlú bíi Winnipeg ní Kánádà, wọ́n máa ń ki ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára ẹ́ńjìnì bọ iná mànàmáná ní òru kó má bàa tutù jù. Kí wọ́n máa wọn táyà láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn. Kí wọ́n sì kó ọjà, ilé ìwé àti ilé ìfowópamọ́ pọ̀ sínú ìrìn kan ṣoṣo.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan mọ́tò sínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, torí pé òtútù ń mú un. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì inú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ó ń pa èèyàn sójú oorun. Èéfín kan náà ló ń jáde látinú jẹnẹrétọ̀ tí àwa ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan nìyí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó ní epo tó máa fi ṣòfò. Ẹ́ńjìnì tútù ń fi epo ṣòfò ní Ìbàdàn náà, kò kàn pọ̀ tó ti Chicago ni. Ẹni tó ń tan mọ́tò nígbà márùn-ún láàárọ̀ láti lọ sí ìdí adúgbò ń san gbèsè ooru nígbà márùn-ún.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí: táyà kan ka 30 psi ní 35°C lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan. Mélòó ló máa kà ní 17°C ní ìdájí? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, ẹ fi sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn. A ó lẹ iṣẹ́ ẹni tó bá gbà á mọ́ ara ògiri yìí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.