Àròkọ Alálàyé: Ọkọ̀ Oko tí Táyà Rẹ̀ ń Ha Ara

Irú àròkọ yìí wọ́pọ̀ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ohun tí olùdánwò ń fẹ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé nǹkan létòlétò, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè kà á kí ó sì lè ṣe é. Nítorí náà, ohun tí o mọ̀ dájú ni kí o yàn.

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣàlàyé bí a ṣe lè tún ohun kan tí ó bàjẹ́ ṣe ní agbègbè rẹ.

Ìlapa èrò: (i) Ìdí tí a fi ń lo táyà ńlá (ii) Bí àléébù ṣe fara hàn (iii) Wíwá ibi tí ó ti ń ha (iv) Àtúnṣe (v) Mímú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tọ́ (vi) Ìkádìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ọ̀nà ọ̀dà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kọjá, ṣùgbọ́n kòkó kì í so sí etí ọ̀dà. Inú oko ni ó wà, ọ̀nà oko sì jẹ́ kìkì kòtò, gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń gbé píkọ́ọ̀pù wọn sókè, tí wọ́n sì ń fi táyà ńlá sí i, kí abẹ́ ọkọ̀ má baà máa gún ilẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí a bá ṣe iṣẹ́ náà parí. Èmi kò ṣe é parí.

Táyà tí ọkọ̀ mi ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 225/75R16. Èyí tí mo rà jẹ́ 265/75R16. Nọ́ńbà kìíní ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn 75 nínú 100 ìbú náà. 16 ni gíga rímù ní ínṣì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, táyà tuntun fi 40 mìlímítà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì fi 60 mìlímítà ga jù ú lọ. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò rí kò ṣírò rẹ̀ fún ara mi.

Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá yí sítíárìn dé òpin. Mo ń wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo gbé àpò kòkó àti ìyá mẹ́rin bọ̀ láti oko. Bí a ti dúró kí a tó bọ́ sí ọ̀dà, ọ̀kan nínú wọn pè mí: “Tíṣà, ẹ wá wò ó o, nǹkan ń kán lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín.” Òróró bíréèkì ni. Táyà ti ha rọ́bà bíréèkì títí ó fi lu.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni láti mọ ibi tí táyà ti ń ha gan-an. Gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kun ẹ̀gbẹ́ táyà, kí o rọra wa ọkọ̀, kí o sì yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ mọ́ ni àléébù wà. Kó ẹrù sí ọkọ̀ kí o tún un wò, nítorí ọkọ̀ òfìfo a máa purọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ ike abẹ́ fẹ́ńdà ni ó ń ha, a lè gé e díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin abẹ́ ọkọ̀ ni, mẹkáníìkì lè tún síkúrù tí ń dá ẹsẹ̀ dúró ṣe, kí ẹsẹ̀ má yí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Rọ́bà bíréèkì kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀: kí a fi tuntun tí ó gùn tó rọ́pò rẹ̀, kí a sì dè é jìnnà sí táyà. Bí ó bá ń ha síbẹ̀, táyà náà ti tóbi jù. Kí a dá ti àtijọ́ padà.

Mímú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tọ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní aláímẹ́ǹtì, ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, nítorí gbígbé ọkọ̀ sókè a máa yí ìdúró ẹsẹ̀ iwájú padà. Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú sí ìta, kí o sì rà á padà. Bí ó bá ń jọ̀lọ̀ ní apá kan tí ó sì ń gún ọwọ́ ní apá kejì, ẹsẹ̀ kò tọ́. Nígbà náà, kí a gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ aláímẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí ó ti jẹ. Ẹsẹ̀ tí ń mì kò lè tọ́ pẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé táyà ńlá a máa tan aago ìsáré jẹ. Bí aago ọkọ̀ mi bá fi 100 kìlómítà hàn, 108 ni ó ń sá.

Ní ìkádìí, ẹni tí ó bá yí ohun kan padà lára ọkọ̀, kí ó wo gbogbo ohun tí ó fara kàn án. Owó tí mo ná sí àtúnṣe náà dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ìyá mẹ́rin?

ÀKÍYÈSÍ: Wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbé èrò kan ṣoṣo, tí ìtàn kúkúrú sì fi ìdí àlàyé múlẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ìtàn gbé àlàyé mì.

ÌDÁNRAWÒ: Kọ àròkọ lórí bí a ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere tí ṣéènì rẹ̀ ń yọ ṣe.