Ẹ̀KỌ́: OHÙN ÌPÈ TÓ DÁJÚ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká wo fèrè sójà tí Òyìnbó ń pè ní bugle. Láti inú èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá, ọ̀dọ́ màlúù ló túmọ̀ sí, torí ìwo màlúù ni wọ́n ń fọn tẹ́lẹ̀. Kò ní ibi tí à ń fi ìka tẹ̀. Ohùn bíi márùn-ún péré ni wọ́n fi ń jí sójà láàárọ̀, tí wọ́n sì fi ń sin òkú rẹ̀. Irú fèrè bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wa ń pè ní ìpè: ó ń pe ni.

Bí ẹnu wa bá wí “bẹ́ẹ̀ ni” lónìí, tó wí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ́la, ṣé ọmọ wa á mọ ìgbà tí à ń pè é sí àdúrà? Ẹ ka I Kọ́ríńtì 14:8. Kì í ṣe kí ohùn pọ̀, kí ó dájú ni. Àmín.