Apá ọ̀tún ló ń ṣáájú: bí a ṣe ń ka Odù nínú Python

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kó ẹsẹ Ifá sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ tòní kàn yín. Ojú Odù 16 ní ọ̀tún, 16 ní òsì, ibẹ̀ ni 256 ti wá. Nínú Python, mo máa ń fi apá ọ̀tún ṣe dictionary ńlá, kí dictionary apá òsì wà nínú rẹ̀, kí ẹsẹ sì wà lábẹ́ òsì.

for otun, inu in odu.items():
    for osi, ese in inu.items():
        print(otun, osi, len(ese))

Ẹ wo .items() yẹn dáadáa: ó ń gbé orúkọ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá pa pọ̀. Ẹni tó bá ń kọ odu[otun][osi] káàkiri, lọ́jọ́ kan á kọ osi ṣáájú otun, Ọ̀yẹ̀kú Ogbè á sì di Ogbè Ọ̀yẹ̀kú. Python ò ní pariwo, torí Odù méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ Odù mìíràn lẹ máa wá kà fún ẹni tó wá dáfá!

Láti Python 3.7, bí ẹ bá ṣe to Odù wọlé náà ló ṣe máa jáde, nítorí náà ẹ fi Ogbè ṣáájú, àgbà ni. Ẹ má sì yọ Odù kankan nígbà tí for ṣì ń lọ o. RuntimeError ló ń bí. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, list(inu.items()) ni kí for máa kà.