Bí Ọmọ Kò Bá Mọ 70, 80 àti 90

Ní Agblangandan, lẹ́bàá Cotonou, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ilé àwa tí a ń sọ Yorùbá, èdè wa la fi ń ka owó àti ẹja.

Olùkọ́ pe soixante-douze. Ọmọ gbọ́ soixante, ó kọ 60. Ó gbọ́ douze, ó kọ 12 tẹ̀ lé e. Ló bá di 6012! Olùkọ́ fi bírò pupa fàlà sí i. Ọmọ sunkún délé, òbí tún ní: "Olódo ni ọ́!" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí ọmọ gbọ́ ló kọ.

Ẹ má sì sọ pé: "Èmi ò lọ sílé ìwé, kí ni mo mọ̀?" Ẹ mọ̀ ọ́n. Ogún-ogún làwọn baba wa ń ka nǹkan. Ogún méjì ni ogójì. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Faransé náà pe 80 ní quatre-vingts. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ogún mẹ́rin. Ọgọ́rin wa náà nìyẹn!

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ̀yin àti ọmọ, ẹ ka hóró àgbàdo 80. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ogún-ogún. Ẹ ní kí ọmọ pè é: quatre-vingts.

2. Ẹ fi mẹ́wàá kún un. Ó di 90, quatre-vingt-dix. Yorùbá yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní àádọ́rùn-ún. Faransé fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin. Ọ̀nà méjì ni, ọjà kan náà ni wọ́n já sí.

3. Ẹ ka hóró 60. Ẹ fi 12 kún un. Soixante-douze nìyẹn. Ẹ wá ní kí ọmọ pín gbogbo rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Yóò rí ọ̀nà méje, yóò ku hóró méjì. Kí ó kọ 7, kí ó kọ 2 tẹ̀ lé e: 72.

Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ má nà án. Ẹ da hóró náà pọ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ọmọ fi kọ 6012?
2. Ogún mélòó ló wà nínú quatre-vingts?
3. Ẹ ka hóró àgbàdo 95. Ẹ pè é ní Yorùbá. Kí ọmọ yín pè é ní Faransé.