Yìnyín kì í gba àlejò: bí wọ́n ṣe ń fi omi dídì dáhò sí nǹkan lára

Ṣé ẹ ti fa zobo dídì mu láti inú ọ̀rá rí? Ẹ fà á díẹ̀, gbogbo adùn àti àwọ̀ rẹ̀ ti wọlé, yìnyín funfun tí kò dùn ló wá kù sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó tà á kò rẹ́ yín jẹ o. Bí omi bá ń dì, ó máa ń to ara rẹ̀ létòlétò, kò sì sí àyè fún ṣúgà nínú ètò yẹn. Yìnyín á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tó bá wá jẹ́ ìyẹ̀fun tí kì í yòrò ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ jẹ́ ká mú alumina, ohun funfun tó wà lára plọ́ọ̀gì mọ́tò. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, àti èròjà kan tí kò ní jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ bíi ti ògì. Wọ́n á wá dà á sínú ike tí irin tútù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Yìnyín á máa dàgbà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á sì máa ti ìyẹ̀fun náà jọ sáàárín.

Ẹ má jẹ́ kó yọ́ o! Tó bá yọ́, ẹrẹ̀ lẹ máa bá. Inú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí yìnyín ti ń fò lọ bí èéfín láìkọ́kọ́ di omi. Ibi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀ á di ihò. Wọ́n á wá sun ún nínú iléru, ní nǹkan bíi 1,500°C, kí ìyẹ̀fun náà lè lẹ̀ mọ́ra gírígírí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé: bó bá ṣe yára dì tó ni ihò rẹ̀ ṣe máa kéré tó. Ṣùgbọ́n tó bá yára jù, yìnyín á bá ìyẹ̀fun náà níbi tó wà, á gbé e mì, ihò kò ní létò mọ́. Ìdí nìyẹn tí ihò kì í fi í sábà sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó fara kan irin.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Egungun. Bí egungun èèyàn bá bàjẹ́, ohun tí wọ́n bá fi dí i gbọ́dọ̀ níhò kí egungun tuntun lè hù wọnú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ihò púpọ̀ a máa sọ nǹkan di ẹlẹgẹ́. Ní 2006, Sylvain Deville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory, Amẹ́ríkà, fi hydroxyapatite, irú èròjà tó ń mú egungun le, ṣe ti wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé agbára rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tí wọ́n ń lò nígbà yẹn. Yìnyín orí òkun ni wọ́n wò kọ́ṣẹ́: òun náà máa ń ti iyọ̀ kúrò lára.