ERÉ ỌMỌDÉ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ KÉWÚ

 

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí eré ọmọdé àti àkọ́sórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ọmọ tí ó bá fẹ́ràn eré kò lè mọ kéwú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kan, mo ká ọmọ kan mọ́ ẹ̀yìn ilé-kéwú níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń ta ayò. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọmọ ayò. Ọmọ yìí kan náà ni kò rántí ju áàyà méjì lọ nínú súrà tí mo kọ́ ọ lánàá rẹ̀. Mo nà án. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó kọ ẹ̀yìn sí ayò náà, kí ó sọ iye ọmọ tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ láti ihò kìíní títí dé ìkejìlá, kò sì ṣì í. Ojú tì mí. Ọpọlọ ọmọ náà kò ní àbùkù. Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọ ni ó ní.

Kí ni ẹ̀sìn wí nípa eré?

Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá fi yé wa pé Àíṣátù máa ń fi ọmọlángidi ṣeré nílé Ànábì, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa wá bá a. Ànábì fúnra rẹ̀ pa àlọ́ fún àwọn sàhábà. Ó ní igi kan wà tí ewé rẹ̀ kì í já bọ́, tí ó dà bí Mùsùlùmí. Igi wo ni? Àwọn àgbà kò mọ̀ ọ́n. Abdullah ọmọ Umar, tí ó kéré láàárín wọn, mọ̀ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bí àlọ́ ṣe di ẹ̀kọ́. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, sì gbà wá níyànjú nínú ìwé rẹ̀, Ihya Ulum al-Din, pé kí a jẹ́ kí ọmọ ṣe eré tí ó dára lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìsinmi a máa pa ọkàn ọmọ.

Báwo ni eré ṣe ń ran ìrántí lọ́wọ́?

Ní ọdún 1885, onímọ̀ kan ní Jámánì, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde lórí ìgbàgbé. Ó rí i pé ohun tí a kọ́ sórí a máa tètè sá lọ, àfi bí a bá ń padà sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́. Kí ó tó dé ni Ànábì ti fi ẹni tí ó há Àlùkùránì sórí wé ẹni tí ó ní ràkúnmí tí a so mọ́lẹ̀: bí ó bá ń mójú tó o, yóò wà níbẹ̀, bí ó bá tú u sílẹ̀, yóò lọ. Ohun tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ wá jáde láti inú ọkàn rẹ̀ a sì máa dúró ju èyí tí a kàn ń kà sí i létí lọ. Iṣẹ́ tí eré ń ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ 48, ọ̀ta a sì máa fi wọ́n sọ́kàn. Síbẹ̀ ayò nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀ Àlùkùránì. Ohun tí a bá fi sínú eré ni ọmọ yóò bá jáde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀.

Eré mẹ́ta tí kò gba owó

Èkíní, páálí méjì-méjì. Ẹ gé páálí sí 16. Ẹ mú lẹ́tà Lárúbáwá 8, kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí páálí méjì, kí ẹ sì da ojú wọn délẹ̀. Ọmọ yóò ṣí méjì. Bí wọ́n bá bára mu, yóò pe orúkọ lẹ́tà náà, yóò sì mú wọn. Bí wọn kò bá bára mu, yóò dà wọ́n padà. Ẹ máa fi kún un títí lẹ́tà 28 yóò fi pé.

Èkejì, kí ni ó sọnù? Ẹ to ohun méje sórí ẹní: ìwé, kọ́kọ́rọ́, ife àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ wò wọ́n, kí ó di ojú, kí ẹ mú ọ̀kan kúrò. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni kí ó fi dáhùn.

Ẹ̀kẹta, ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ kìíní ní òun ra iyọ̀ ní Akẹ̀sán. Ìkejì ní òun ra iyọ̀ àti ata. Ìkẹta yóò ka méjèèjì, yóò fi tirẹ̀ kún un. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi ọjà tiwọn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fi orúkọ súrà rọ́pò ọjà, láti Nás lọ sí Fíìlì: súrà mẹ́wàá ni.

Ìkìlọ̀

Ẹ má kọ áàyà sórí páálí tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀; lẹ́tà nìkan ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó ta eré kankan, nítorí tẹ́tẹ́ nìyẹn, Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́ nínú Súrátùl-Máídà, áàyà 90. Hádíìsì tí Muslim gbà wá kìlọ̀ gidigidi nípa eré tí a ń fi dáìsì ta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹra fún un. Bí a bá pe ìrun, kí eré dúró.

Mo bẹ ọmọ tí mo nà yẹn, mo sì fi í ṣe olórí eré páálí. Súrà náà kò dúró lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan; ó gbà á ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ṣùgbọ́n kò tún sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé-kéwú mọ́. Àáfà, kí o tó mú pàṣán, bi ara rẹ pé: ṣé ọmọ yìí kò lè rántí ni, àbí èmi ni n kò tíì mọ bí mo ṣe lè kọ́ ọ?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó sì fún wa ní sùúrù láti kọ́ wọn. Àmín.